Aṣọ Funfun fún Ọ̀fun Ìbọn

Òórùn àdín ló jí mi lójú oorun ọ̀sán lọ́jọ́ Àlàmísì tó kọjá. Kì í ṣe òórùn àdín tí wọ́n fi ń pa ọmọ tuntun lára o. Èyí tó ti pàdé ẹ̀tù àti irin tútù ni, ẹni tí kò bá sì dàgbà sílé ọdẹ kò lè mọ̀ ọ́n. Ní Ìbàfo tí mò ń gbé yìí, lẹ́yìn títì márosẹ̀, imú èèyàn kì í gbọ́ ju èéfín jẹnẹrétọ̀ àti àkàrà tí wọ́n ń dín fún àwọn tó ń ti Èkó bọ̀, mo sì ti rò pé imú tèmi ti kú tipẹ́. Àṣé kò tíì kú. Mo dìde, mo wá bàtà mi, mo tẹ̀ lé òórùn náà títí dé abẹ́ páànù tí àwọn ọmọ tó ń ṣọ́ àdúgbò wa máa ń jókòó sí.

Wọ́n tó mẹ́ta mẹ́rin níbẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn gbé ìbọn lé itan, ó ń ki àkísà bọ̀ ọ́ lẹ́nu, àkísà ànkárá aláwọ̀ oríṣiríṣi tó jọ pé ara gèlè ìyá rẹ̀ ló ti fà á ya. Wọ́n kí mi, wọ́n dọ̀bálẹ̀ ìdọ̀bálẹ̀ òde òní, bí ẹni tó fẹ́ mú nǹkan tó jábọ́ lápò rẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, aṣọ funfun ni wọ́n fi ń ṣe é. Ẹ mú un wá kí n fi hàn yín." Mo na ọwọ́. Ọmọ náà gbé ìbọn kúrò lórí itan, ó gbé e pamọ́ sẹ́yìn ara rẹ̀.

"Màmá, ẹ má bínú o," ó wí. "Ẹ má fọwọ́ kàn án. Obìnrin kì í fọwọ́ kan ìbọn, èèwọ̀ ni. Bí àwọn bàbá wa ṣe sọ fún wa nìyẹn."

Ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi sọ ọ́, kò sì rí mi fín. Síbẹ̀, mo padà wọlé, mo jókòó sẹ́bàá ibùsùn mi. Èmi tí orí mi ti funfun bí òwú, tí ọmọ ọmọ mi ti ń bímọ! Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn rí, lẹ́nu ẹni tó ju ọmọ yẹn lọ fíìfíì, kò sì fi mí sílẹ̀ bó ṣe bá mi. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n ròyìn rẹ̀ fún ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ máa ń sọ pé ayé àtijọ́ dùn bí oyin. Ó dùn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kòkòrò tó ń ṣe oyin náà ló ń tani.

Ifọ̀ ni wọ́n ti bí mi, nítòsí ibùdókọ̀ réluwéè, nígbà tí òmìnira kò tíì dé, tí igbó ṣì bo gbogbo ibi tí ẹ ń pè ní Ìbàfo àti Mòwé lónìí, tí ó jẹ́ pé abà kéékèèké ló wà níbẹ̀, tí kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ń jẹ́ márosẹ̀. Ìlú tó gbọ́ ariwo ni Ifọ̀. Ojú irin pín sí méjì níbẹ̀, ọ̀kan forí lé Abẹ́òkúta, èkejì yà lọ sí ọ̀nà Ìlaròó, bí ọkọ̀ ojú irin bá sì fọn fèrè láàárọ̀, àwọn àgbà á mọ̀ pé ó tó àkókò láti lọ sóko, àwa ọmọdé á mọ̀ pé a ti pẹ́ lẹ́yìn ní ilé ìwé. Agbo ilé wa ní ilé alámọ̀ méjì tó dojú kọra, pẹ̀lú igi ọsàn wẹ́wẹ́ láàárín àti òkúta pẹlẹbẹ kan lábẹ́ rẹ̀. Bàbá mi ló ni ilé kan. Àbúrò rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Kékeré, ló ni èkejì. Bàbá Kékeré ń ta iyọ̀ àti kárósíìnì nítòsí ibùdókọ̀, ara rẹ̀ sì máa ń rùn bí àtùpà láti òwúrọ̀ dé alẹ́.

Làmídì ni ọmọ Bàbá Kékeré yìí. Ó fi díẹ̀ jù mí lọ, ṣùgbọ́n ìkòkò kan náà la ti jọ ń jẹun, àlùfáà kan náà ló jọ nà wá nílé kéú, mi ò sì ní ọ̀rẹ́ mìíràn láyé nígbà yẹn. Ohun tí a fẹ́ràn jù ni ká kó ìṣó sórí ojú irin, ká sá pamọ́ sínú koríko, kí ọkọ̀ kọjá lórí rẹ̀. Bó bá kọjá tán, ìṣó á ti pẹlẹbẹ, á mú, á sì gbóná débi pé a ò ní lè mú un. Làmídì máa ń fi òkúta pọ́n ọn títí yóò fi dà bí abẹ́rẹ́. Ìṣó kan tó ṣe báyìí ló fún mi, òun ni mo fi ń yọ ìdọ̀tí kúrò nínú ihò kékeré tí iná ń gbà wọ ìdí ìbọn bàbá mi. Ẹ rántí ìṣó yẹn. Ìgbà kan wà tí Làmídì bá mi tún nǹkan ṣe.

Ọdẹ ni bàbá mi, ó sì tún jẹ́ sójà nígbà kan. Wọ́n kó o lọ sí ogun Bọ́mà, ó padà wá pẹ̀lú kóòtù kan, ife páànù kan, àti ọwọ́ òsì tí ìka rẹ̀ méjì kò lè ká mọ́. Kò mú ìbọn bọ̀, ìbọn ọba ni ìbọn yẹn. Ohun tó mú bọ̀ ni bí wọ́n ṣe ń fọ ìbọn. Àwọn ọdẹ Ifọ̀ nígbà náà, omi gbígbóná ni wọ́n ń dà sínú ṣakabùlà, wọ́n á mì í, wọ́n á dà á nù, ó parí. Bàbá mi kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Tirẹ̀ ní ètò bí ìgbà tí èèyàn ń ṣe àlùwàlá, kì í sì í fo ọ̀kan. Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí, wọ́n ní ìbọn Bàbá Sójà ń wẹ̀ ju ìyàwó rẹ̀ lọ. Màámi náà máa ń rẹ́rìn-ín sí i, kì í ṣe látọkàn wá.

Nítorí ìka tí kò ká yìí, bàbá mi kò lè di ìbọn mú kó tún máa fa ọ̀pá irin jáde lẹ́nu rẹ̀. Èmi ló kọ́. Èmi ni àkọ́bí, kò sì tíì bí ọkùnrin. Bí mo bá ti délé láti ilé ìwé, tí bàbá sì ti igbó dé, á gbé ìbọn náà wá sábẹ́ igi ọsàn, èmi á jókòó sórí àpótí, àwa méjèèjì á wà lẹ́nu iṣẹ́. Ó máa ń kọ́kọ́ ní kí n ti ọ̀pá irin bọ ẹnu ìbọn kí n tó ṣe ohunkóhun. Ó ti fi ayùn sàmì sára ọ̀pá náà. Bí àmì bá bá ẹnu ìbọn dọ́gba, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Bó bá yọ sókè, bó tilẹ̀ ṣe bí èékánná, kí n gbé e sílẹ̀ kí n pè é.

Lẹ́yìn ìyẹn la ó fi igi dí ihò iná, a ó da omi gbígbóná sí i, èyí tó bá jáde á dúdú bí omi aláró. Búrọ́ọ̀ṣì ló kàn. Ẹ má rò pé búrọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń tà ní ọjà ni o. Àwọn òṣìṣẹ́ réluwéè ní búrọ́ọ̀ṣì onírin gbọ̀ǹgbọ̀n tí wọ́n fi ń ha inú páìpù ẹ́ńjìnnì, èyí tó bá ti gbó wọ́n á jù ú sẹ́bàá ojú irin. Bàbá mi máa ń ṣa wáyà rẹ̀, á wé e mọ́ orí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan títí tí yóò fi ṣe wẹ́kú pẹ̀lú ọ̀fun ìbọn. Ọ̀fun ló ń pè é. Ó ní ìbọn kò yàtọ̀ sí èèyàn, ohun tó bá gbẹ mọ́ ọn lọ́fun ló ń pa á. Mo máa ń ha ọ̀fun yẹn lọ, mo máa ń ha á bọ̀, kí ipata àti eérú ẹ̀tù ṣí.

Aṣọ ló wá kẹ́yìn. Àpò fúláwà tó ti gbó ni, àti ẹ̀wù funfun tí bàbá fi ń kírun tó ti ya, Màámi ló ń gé e sí ègé tó tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé, tó ń kó o sínú igbá kan fún mi. Mo máa ń fi ègé kan sẹ́nu ọ̀pá tó là, mo ń tì í dé ìsàlẹ̀, mo ń yí i, mo ń fà á jáde. Èyí àkọ́kọ́ á dúdú. Èyí tó tẹ̀ lé e á dà bí eérú. Mo ń tẹ́ wọn sórí òkúta pẹlẹbẹ ní tẹ̀léǹtẹ̀lé bí ẹni sá èlùbọ́, títí ìkan yóò fi jáde tí yóò mọ́ bó ṣe wọlé. Bàbá á wá wo orí òkúta, á wo inú igbá. "Èyí tó wọlé gbọ́dọ̀ jáde," bó ṣe máa ń wí nìyẹn, nígbà gbogbo. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé ṣé aṣọ dúdú kò lè ṣe é ni. Ó ní aṣọ dúdú á gba ìdọ̀tí, á sì bò ó mọ́ra. "Aṣọ funfun kì í purọ́ fún ẹni."

Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, mo máa ń fi ẹnu mi sẹ́nu ìbọn, mo ń fẹ́ atẹ́gùn sí i, bàbá á fi ìka tó tutù sójú ihò iná. Bó bá gbọ́ atẹ́gùn, á mi orí. Mo ń fi àdín díẹ̀ pa á nínú, ó parí, ó di ara ògiri. Òórùn yẹn kì í kúrò lọ́wọ́ mi. Ní ilé ìwé, ẹni tó bá jókòó tì mí á máa yínmú. Mo máa ń gbé ọwọ́ yẹn sókè gan-an ni bí tíṣà bá béèrè ìbéèrè, kí gbogbo wọn lè gbọ́ ọ. Mo gbéraga, mi ò jẹ́ purọ́. Nígbà tí ìbọn àwọn yòókù ń sọ pàá tí kò sì jáde, ti bàbá mi kò já a kulẹ̀ rí, wọ́n sì ń sọ ọ́ ní gbogbo Ifọ̀ pé ọmọbìnrin ló ń tọ́jú rẹ̀. Wọ́n ń sọ ọ́ nígbà yẹn bí ohun tó dára.

Ọjọ́ kan wá dé, mo bá nǹkan oṣù mi pàdé. Màámi ló kọ́kọ́ mọ̀, ó wẹ̀ mí, ó bá mi sọ ọ̀rọ̀ tí àwọn ìyá ń bá ọmọ sọ. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn bàbá ti oko dé, mo lọ gbé àpótí mi sábẹ́ igi ọsàn bí mo ṣe máa ń ṣe. Bàbá dúró. Kò wò mí lójú. Ó gba ọ̀pá irin náà lọ́wọ́ mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Ó tó, ìyá mi," ó wí. "Ó ti parí. Obìnrin kì í fọwọ́ kan ìbọn."

Mo ní, "Bàámi, ṣebí èmi náà ni tàná?"

Ó yíjú sí ilé kejì. Ó pe Làmídì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó jẹ́ òtítọ́: inú bí mi sí bàbá mi, ṣùgbọ́n inú kò bí mi sí Làmídì. Mo rò pé bó bá jẹ́ òun ni, ó kúkú dà bí èmi ni. Nítorí pé wọ́n ní n kò gbọdọ̀ sún mọ́ ìbọn, mo máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, mo ń fi ẹnu darí rẹ̀ láti òkèèrè, "Ti ọ̀pá bọ̀ ọ́ kọ́kọ́, wo àmì, fi búrọ́ọ̀ṣì sí i dáadáa." Ó ń rẹ́rìn-ín. Bọ́ọ̀lù ló wà lọ́kàn Làmídì. Àwọn ọmọ òṣìṣẹ́ réluwéè ní pápá kan lẹ́yìn ibùdókọ̀, bó bá sì ti gbọ́ igbe wọn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í bá a gbé ilẹ̀ mọ́.

Nínú ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yẹn, ọdẹ àgbà kan kú ní Mòwé. Ọ̀rẹ́ bàbá mi ni, wọ́n sì ránṣẹ́ pè é pé kó wá bá wọn yìnbọn ẹ̀yẹ. Bí ọdẹ bá kú, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń fi ìbọn sin ín, ẹni tí ìbọn rẹ̀ bá sì kọ̀ níbẹ̀, ìtìjú ni títí ayé. Ọjọ́ tó ṣáájú, Làmídì ń fọ ìbọn lábẹ́ igi ọsàn, mo ń ro ẹ̀kọ nínú ilé ìdáná, mo ń wò ó láti ibẹ̀. Mo rí i tó fa aṣọ ya. Kì í ṣe látinú igbá. Ṣòkòtò aláró rẹ̀ àtijọ́ ló fà ya lẹ́sẹ̀, nítorí pé igbá wà nínú yàrá Màámi, kò sì fẹ́ dìde lọ mú un.

Mo pariwo, "Làmídì! Aṣọ funfun!"

Ó ní, "Ṣé aṣọ kọ́ ni gbogbo aṣọ? Ro ẹ̀kọ ẹ jàre, ìyàwó ilé."

Wọ́n kígbe ní pápá bọ́ọ̀lù. Ó fa ọ̀pá jáde, ó pa ìbọn lára, ó gbé e kọ́ ògiri, ó sá lọ. Nígbà tí mo jáde láti gbálẹ̀, mo wo orí òkúta pẹlẹbẹ. Kò sí aṣọ kankan lórí rẹ̀. Mo sọ fún Màámi. Màámi ní ṣé èmi lọdẹ ni. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bàbá gbé ìbọn kọ́ èjìká, ó ń ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ jáde láti gba ọ̀nà Ọ̀fàdà lọ sí Mòwé, mo kúnlẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán nítorí èèwọ̀ yẹn, mo ní, "Bàámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un fọ̀." Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní Làmídì ti fọ̀ ọ́, kí n jẹ́ kí ọkùnrin ṣe iṣẹ́ ọkùnrin. Ẹ̀rín yẹn ni mo rí kẹ́yìn nínú ojú rẹ̀ méjèèjì.

Ohun tí àwọn tó bá a lọ ròyìn ni pé ìbọn àkọ́kọ́ dún kíkankíkan, gbogbo èèyàn hó yèè. Bàbá mi dá ìbọn dúró, ó gbé àdò ẹ̀tù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í da ẹ̀tù sí i lẹ́nu láti yin èkejì. Kò tíì dà á tán tí iná fi ti inú ìbọn yọ sókè, ó gbá àdò mú, àdò sì fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ àti lójú. Wọ́n fi ọkọ̀ akóigi gbé e lọ sí ọsibítù ní Abẹ́òkúta. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kúkú ṣẹ́ kù díẹ̀. Ojú ni kò kù.

Ìbọn náà padà wálé ṣáájú rẹ̀. Àwọn àgbà ọdẹ gbé e wá, wọ́n jókòó sábẹ́ igi ọsàn wa pẹ̀lú Bàbá Kékeré, wọ́n ní àwọn ń wádìí. Ìwádìí wọn kò pẹ́. Ọ̀kan ní ìbọn Bàbá Sójà kò ṣe irú èyí rí, kí ló wá yí padà? Òmíràn ní ṣebí ọmọbìnrin ló ń fọ̀ ọ́, ta ló mọ ìgbà tí nǹkan oṣù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ gan-an kó tó jẹ́wọ́? Gbogbo wọn mi orí. Màámi fà mí sínú yàrá, ó bi mí bóyá mo fọwọ́ kàn án. Mo fi Kùránì búra. Ó ní òun gbà mí gbọ́, ṣùgbọ́n kò jáde lọ sọ ọ́ fún wọn. Làmídì wà níbẹ̀. Ó dúró ti ògiri, ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Wọ́n dájọ́ pé bí bàbá mi bá ti ọsibítù dé, kí n kúnlẹ̀ níwájú ìbọn náà ní ojú gbogbo agbo ilé, kí n tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́wọ́ ìbọn o.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ kan, tí gbogbo ọkùnrin ilé ti lọ kírun, mo gbé ìbọn yẹn kúrò lára ògiri. Wọ́n sọ pé mo fọwọ́ kàn án, ó sàn kí n kúkú fọwọ́ kàn án. Mo ti ọ̀pá bọ̀ ọ́. Àmì yọ sókè, bí èékánná. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìsàlẹ̀ rẹ̀ títí wáyà fi gbá nǹkan mú, mo fà á jáde. Aṣọ ni, ó ti jóná yíká, ṣùgbọ́n àárín rẹ̀ kù. Aró ni àwọ̀ rẹ̀. Ó wà ní ìdí ìbọn lẹ́yìn ẹ̀tù, ìbọn àkọ́kọ́ kò lè tì í jáde, ó dì mọ́ ibẹ̀ pẹ̀lú iná lára bí ẹyin iná nínú eérú, ó ń dúró de ẹ̀tù kejì. Ṣòkòtò Làmídì ṣì wà lórí okùn lẹ́yìnkùlé pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan tó ya. Mo gbé aṣọ yẹn síbi tó ti ya. Mi ò ní ìlò fún ẹlẹ́rìí mìíràn.

Mo pa á mọ́ títí bàbá fi dé. Mi ò fẹ́ sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni ṣáájú rẹ̀. Bàbá mi ló kọ́ mi, ó mọ iṣẹ́ ọwọ́ mi, ó sì dá mi lójú pé bó bá ti gbọ́, á dìde. Wọ́n mú un jókòó sórí ẹní nínú yàrá, aṣọ funfun wà lójú rẹ̀. Nígbà tó ku àwa méjì, mo kúnlẹ̀, mo fi aṣọ náà sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ òsì, mo ní inú ọ̀fun ìbọn ni mo ti yọ ọ́. Ó fi ìka tó dáa tẹ̀ ẹ́ káàkiri. Ó gbé e sí imú.

"Àwọ̀ wo ni?" ó bi mí.

"Aró ni, Bàámi."

Mo rí i pé ó ti mọ̀. Ẹni tó ń sọ lójoojúmọ́ pé èyí tó wọlé gbọ́dọ̀ jáde, kò nílò àlàyé. Láti ilé kejì, a ń gbọ́ ohùn Bàbá Kékeré tó ń wọn kárósíìnì, tó ń bá oníbàárà rẹ̀ ṣàwàdà. Bàbá mi yí ojú tí kò ríran sí ọ̀nà ohùn yẹn.

"Kárósíìnì yẹn la ó máa jẹ báyìí," ó wí. "Ìwọ á lọ ilé ọkọ. Làmídì ló máa kù tí yóò máa dì mí lọ́wọ́ mú lọ sí mọ́ṣáláṣí. Bí mo bá sọ èyí níta, ta ló kù fún mi?"

Mo ní, "Èmi ńkọ́?"

Ó dá aṣọ náà padà sọ́wọ́ mi, ó pa ìka mi dé lórí rẹ̀. "Jù ú síná, ìyá mi."

Mo jù ú síná. Ní ọjọ́ kejì mo kúnlẹ̀ níwájú ìbọn. Wọ́n fi í ti igi ọsàn, mo sì ń wo ẹnu rẹ̀, ẹnu tí mo ti fi ẹnu tèmi fẹ́ atẹ́gùn sí láìmọye ìgbà, mo ń sọ fún un pé kó dárí jì mí. Bàbá mi jókòó sórí àga láàárín àwọn àgbà. Mo sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Bàbá Kékeré ní kí n sọ ọ́ sókè kí bàbá mi lè gbọ́. Mo sọ ọ́ sókè. Bàbá mi gbọ́.

Kò sẹ́ni tó fẹ́ ọmọ tó ba ìbọn bàbá rẹ̀ jẹ́ ní Ifọ̀. Ibi tí wọ́n rí ọkọ fún mi sí ni Ìbàfo, ní abà nínú igbó, lọ́dọ̀ ẹni tí kò mọ̀ wá rí. Ọkùnrin rere ni, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ. Nígbà tí mo gbé àkọ́bí mi lọ fi han bàbá mi, kò béèrè ẹni tí ọmọ jọ. Ó ní kí n mú ọwọ́ mi wá. Ó gbé e sí imú. Ó ní, "Kò rùn àdín mọ́." Ìyẹn nìkan ló sọ, ó sì di ọwọ́ náà mú títí ó fi sùn. Títí di òní mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀bẹ̀ ló ń bẹ̀ mí. Bó bá jẹ́ ẹ̀bẹ̀ ni, ó pẹ́ jù, ó sì kéré jù, mo sì ń fẹ́ ẹ síbẹ̀.

Ní ti Làmídì, ó di Alájì. Òun ló gba ìdí ọjà kárósíìnì, ó kọ́lé alájà, ó sì di bàbá mi lọ́wọ́ mú lọ sí mọ́ṣáláṣí títí bàbá fi kú, mi ò lè fi ìyẹn dù ú. Bí a bá pàdé níbi ìsìnkú tàbí ìkómọ, á kí mi tọ̀yàyàtọ̀yàyà, á fi nǹkan sí mi lọ́wọ́, ojú rẹ̀ á sì máa wo ẹsẹ̀ rẹ̀ bó ṣe wò ó lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tó kú, àlùfáà sọ níbi òkú rẹ̀ pé olóòótọ́ èèyàn ni. Gbogbo wọn ṣe àmín. Èmi náà ṣe àmín, àgbà kì í dá yàtọ̀ níbi òkú. Ìṣó tó fi ojú irin ṣe fún mi ṣì wà nínú àpò àwọn abẹ́rẹ́ mi. Mi ò mọ ìdí tí mi ò fi jù ú nù.

Gbogbo rẹ̀ ti lọ. Igi ọsàn ti di ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún fóònù ṣe. Mòwé tí bàbá mi ti fọ́ lójú ti di ìlú ńlá, ilé ló bo gbogbo igbó, ọmọ ọmọ mi kan sì ń gbé níbẹ̀ tí kò mọ̀ pé ẹranko rìn níbẹ̀ rí. Ẹ ti lé ẹ̀tù lọ, ẹ ti lé ọ̀nà Ọ̀fàdà tí wọ́n ń fi kẹ̀kẹ́ rìn lọ. Mo rò pé ẹ ti lé èèwọ̀ yẹn náà lọ, títí di ọjọ́ Àlàmísì. Àwọn ọmọ tí kò mọ orúkọ bàbá bàbá wọn, tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń fọ ohun tí wọ́n gbé dání, èyí nìkan ni wọ́n rántí.

Ṣùgbọ́n àkísà ànkárá yẹn kò jẹ́ kí n sùn. Ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n, wọ́n ní ojú. Láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, mo mú ìbòrí funfun tí mo fi ń kírun, mo fi sísọ́ọ̀sì gé e wẹ́wẹ́, mo kó o sínú ọ̀rá. Mo pe ọmọ ọmọ-ọmọ mi ọkùnrin, ẹni tí kò tíì lè de okùn ṣòkòtò ara rẹ̀. Mo ní kó gbé e fún wọn, kó sì sọ pé èyí tó wọlé gbọ́dọ̀ jáde. Mo dúró sójú fèrèsé. Wọ́n gba ọ̀rá lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n fà á jókòó sáàárín wọn. Ẹni tó gbé ìbọn pamọ́ kí n má fọwọ́ kàn án gbé e lé ọmọ náà nítan, ó sì fún un ní ọ̀pá náà kó dì í mú, nítorí pé ọkùnrin ni.

Ó sáré padà wálé, inú rẹ̀ ń dùn. Ó ní, "Màmá Àgbà, wọ́n ní wọ́n dúpẹ́ o. Wọ́n ní kí ẹ̀yin má wá."

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo gbé e sí imú. Ó ń rùn àdín.